Àtẹ Ìràwọ̀ Ìbejì

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 2025. Iléṣà.

Ìwàlẹwà ti ìlú Ìkejì dé, tòun ti kọ̀ǹpútà tó tó àpótí aṣọ ìyàwó. Ọmọ Táyé, ìkejì mi, ni. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ wà nítòsí bàbá òun, torí ẹsẹ̀ Táyé tún ti wú. Ilé mi ló gbé ẹ̀rọ sí — èmi ni mo ní iná oòrùn lórí òrùlé. Ó lóṣòó sí pálọ̀ mi, ó ń jẹ iná, kò fẹ́ dìde, bí ẹni wá sin gbèsè. Mo sọ ọ́ ní Òṣómàáló. Táyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mi ò fẹ́ràn ikọ́ yẹn.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì.

Mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún èmi télọ̀ tó fi ìwé sílẹ̀ ní pírámárì. Ó ní ìràwọ̀ ń pẹ́ láyé jù, kò sẹ́ni tó lè dúró wo ọ̀kan láti ìbí dé ikú. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣírò ìgbésí ayé rẹ̀, wọ́n á wá kó èsì sórí àtẹ. Àtẹ lóòótọ́, bí ẹni pàtẹ tòmátì: ojú kan, ìràwọ̀ kan. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ pàtẹ fún ìràwọ̀ adánìkanwà. Òun fẹ́ fẹ̀ ẹ́ kó lè gba àwọn tó fúyẹ́, tí wọ́n ń rìn ní méjì-méjì, tí ọ̀kan ń yí èkejì po. Ìràwọ̀ ìbejì ló pè wọ́n.

Mo ní kó pè wọ́n ní tọkọtaya. Ó ní rárá o, ìgbà kan náà ni wọ́n bí wọn. Mo ní, ó dáa, ta ni Kẹ́hìndé nínú wọn? Torí èmi ni Kẹ́hìndé, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Táyé ni mo rán pé kó lọ tọ́ ayé wò fún mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, kò tíì jábọ̀ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì.

Táyé wá jókòó níwájú Òṣómàáló. Òun sanra, èmi gbẹ bí pákó. Mo bi ọmọ náà léèrè: nínú ìbejì ojú ọ̀run, èwo ló ń pẹ́? Ó ní èyí tó fúyẹ́. Èyí tó wúwo ń yára jó epo rẹ̀ tán. Mo ní, “Àgbá, ṣé o gbọ́?” — Àgbá ni mo ń pè é láti kékeré. Ó ní, “Jẹ́ n máa jó lọ jàre, igi gbígbẹ.”

Bí epo bá wá tán ńkọ́? Ìwàlẹwà ní, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ Òṣómàáló. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ Táyé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Máàṣì.

Táyé kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Orí ìjókòó ló ń sùn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì.

Òṣómàáló kọ̀. Ojú kan wà lórí àtẹ — níbi tí èyí tó wú ti ń da ara rẹ̀ sórí ìkejì rẹ̀ — tí ìṣirò bá ti débẹ̀, ńṣe ló ń fọ́. Ìwàlẹwà ní irú ojú bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ lófo ni. Mo ní, “Ọlọ́jà wo ló ń fi òfo pàtẹ?” Ó ní, “Bàbá Kẹ́hìn, ẹ jọ̀ọ́.” Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun á dín ìṣísẹ̀ ìṣirò náà kù, kó máa rìn jẹ́jẹ́ bí aláboyún.

Táyé gbé ẹran inú abọ́ rẹ̀ fún mi lónìí. Láti kékeré ni mo ti ń jí ẹran rẹ̀ jẹ. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ fún mi yìí, mo dá a padà sínú abọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì.

Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù l'Óṣogbo. Ìwàlẹwà fẹ́ pa ẹ̀rọ kó tó tẹ̀lé e. Táyé kọ̀ nínú ọkọ̀: bó bá pa á, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní kí èmi máa ṣọ́ ọ. Mo ní èmi náà ń bọ̀. “Ìwọ? Ẹnu rẹ á lé àwọn dókítà lọ.” Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Bí mo bá pẹ́, sọ fún Kẹ́hìndé pé mo lọ sọ́jà.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò mọ̀dí rẹ̀, mo là á yé e: a kì í sọ fún ìbejì pé ìkejì rẹ̀ kú. A ó ní ó lọ sọ́jà. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Táyé kò lọ sọ́jà rí láyé rẹ̀. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì.

Òjò àkọ́rọ̀. Oòrùn kò yọjú. Mo pa firíìjì, mo pa fáànù, kí iná lè tó Òṣómàáló. Mo jókòó sínú ooru. Ìlà méjì ló wà lójú rẹ̀: pupa fún èyí tó wúwo, àwọ̀ ewé fún èkejì. Ó ti kọjá ibi tó ti ń fọ́! Mo fóònù. Ìwàlẹwà ní òun sọ fún bàbá òun, ó mi orí.

Mo bi í pé bí pupa bá parí ńkọ́. Ó ní wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sórí àtẹ àtijọ́, ti àwọn adánìkanwà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Owó fóònù ń jó.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Máàṣì.

Ìwàlẹwà pè mí láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ já gaara jù. “Bàbá Kẹ́hìn, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti jẹun?” Mo ní, Táyé ńkọ́?

“Wọ́n… wọ́n lọ sọ́jà, sà.”

Mo ní kó bá mi sọ fún un kó má gbàgbé iyọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe gbé fóònù jìnnà sẹ́nu.

Táyé. Lọ sọ́jà.

Ìlà pupa ti dúró. Àwọ̀ ewé ń lọ, gbọọrọ, kò yà síbì kan. Ọmọ náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí pupa bá ti dúró, mo lè pa á. Mi ò pa á.

Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣáájú mi, èmi ni mo rán an. Tọ̀tẹ̀ yìí, èmi kọ́ o. Èmi kọ́ ni mo rán an.