Pa á mọ́ ni wọ́n wí, àbí pa á rẹ́?

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé mo rántí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ará ojú ewé yìí kí ẹ bá mi dá sí i. Mo rántí pé ọ̀nà Ṣakí ni wọ́n wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni kò dá mi lójú... àbí ó dá mi lójú, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀rín lé e kúrò lórí mi ni?

Aṣọ òkè ni Alhaji, ọ̀gá mi, ń tà ní Ìsẹ́yìn níbí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn oníbàárà wa ń pè, ẹ̀rọ tẹlifóònù ọ́fíìsì yóò kí wọn, yóò sì pín wọn sọ́dọ̀ wa tàbí sí ẹ̀ka wa ní Ṣakí. Lẹ́yìn tí àrá fẹ́ẹ̀ ba ẹ̀rọ náà jẹ́, Alhaji ní kí n kọ ìlànà backup: ohun tí a ó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, ibi tí ẹ̀dà yóò máa wà, ẹni tí yóò dá a padà bí ẹ̀rọ bá kú. Mo fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì, mo fi èkejì sọ́dọ̀ Sùlè tó ń bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohùn ìkíni. Ti ìyàwó Alhaji tó ti dolóògbé ló ṣì wà níbẹ̀, ìyàwó tuntun sì ti gba tirẹ̀ sílẹ̀. Mo pe Alhaji, mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe sí ti àtijọ́. Wọ́n ní, pa á... Mọ́ ni, àbí rẹ́? Rẹ́ ni etí mi gbọ́. Ó yẹ kí n tún pè, àmọ́ wọn kì í fẹ́ kí èèyàn bi wọ́n ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ẹ̀dà tuntun gorí ti ọ́fíìsì, ohùn náà sì pa rẹ́ níbẹ̀; ó wá ku ẹ̀dà ọ̀dọ̀ Sùlè nìkan.

N kò mọ̀ pé ìyá olóògbé náà, Màmá Ìlúà, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ wọn nílé Alhaji, máa ń pe nọ́ńbà wa lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nígbà tí kò tíì séèyàn lọ́fíìsì, kí ọmọ wọn lè sọ fún wọn pé ẹ káàbọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ" náà ni wọ́n ń gbọ́... bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun ló dá wọn lóhùn.

Màmá wá sí ọ́fíìsì. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ìwọ lo pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì." Mo sáré gba ẹ̀dà ọ̀dọ̀ Sùlè, a dá a padà sórí ẹ̀rọ lójú Màmá. Gbogbo nǹkan ló padà, àfi ohùn yẹn. Alhaji wá pariwo mọ́ mi: "Mọ́ ni mo wí! Mọ́! Ẹ wo ọmọ yunifásítì, kò mọ mọ́ yàtọ̀ sí rẹ́!" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí wọ́n bá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lásán, wọ́n á ní, "Àǹtí Graduate, pa á mọ́ o, má pa á rẹ́." Ó dé ibi tí èmi náà fi gbà pé mọ́ ni. Màmá kì í jẹ́ ìkíni mi mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣàdúà fún Alhaji, àna rere tó fẹ́ tọ́jú ohùn ọmọ wọn.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa ru ẹ̀bi yìí lọ, tàbí kí n sọ ohun tí Sùlè sọ fún mi fún Màmá? Bí mo bá sọ ọ́, ta ló kù tí wọ́n á máa ṣàdúà fún? Ṣé wọ́n á lè máa jẹun Alhaji lọ nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?... Ohun tí Sùlè sọ ni pé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo pe Alhaji, Alhaji ti fẹsẹ̀ ara wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n ní kí òun yọ ohùn yẹn kúrò nínú ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ òun, wọ́n sì dúró ti òun títí òun fi pa á rẹ́.