Má-fọwọ́-kàn-án, Ọmọ Rẹ Ti Di Olùkọ́

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rin! Wọ́n ní bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́, ọgbẹ́ á máa jinná. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ikú ò ṣe mí dáadáa rárá.

Mo ti parí ilé tí a jọ bẹ̀rẹ̀. Mo kun yàrá tí o fẹ́ máa kàwé sí, mo gbé tábìlì rẹ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ń rìn, kò kàn sáré ni. Òrùlé ò jò, ilẹ̀kùn ń tì dáadáa. Ta ni mo fẹ́ fi hàn?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ náà kò gbàgbé rẹ o! Wọ́n kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní eruku á ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Àwọn tó ń múra láti lọ kọ́ ọmọ iléèwé girama ní kọ̀ǹpútà wá ń ya kíbọ́ọ̀dù sínú ìwé. Ṣé orí ẹní ni wọ́n ti ń kọ́ òmùwẹ̀ ni?

Ìwọ kọ́ lo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìwọ máa ń ní kí olùkọ́ káwọ́ sẹ́yìn, kó dúró ti ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ há. O ní olùkọ́ tó bá gba máòsì lọ́wọ́ ọmọ, ọpọlọ ọmọ náà ló gbà. O ní kó bi í léèrè, kó tún bi í, kó fara dà á títí ọmọ á fi rí àṣìṣe ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án nìyẹn. O máa ń díbọ́n pé orúkọ náà ń bí ọ nínú, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ ọ.

Ọmọ wa obìnrin náà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ó ní iṣẹ́ ìyá òun lòun máa ṣe. Nígbà tí wọ́n rán wọn lọ fi ìkọ́ni dánra wò, ọmọ kíláàsì kan ní kí kọ̀ǹpútà ka oókan dé ẹẹ́wàá, ni kọ̀ǹpútà bá ń kà á lọ ràì, kò dúró. Ọmọ rẹ káwọ́ sẹ́yìn, ó ń fi ìbéèrè tọ́ ọmọ náà sọ́nà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ta ló jókòó sẹ́yìn kíláàsì tó ń fún un ní máàkì? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, tó jẹun nílé wa, tó sùn sórí àga wa nígbà tí kò ríbi forí pa mọ́ sí. Ó ní ọmọ rẹ kàn dúró gbagidi ni, kò mọ iṣẹ́. Ó gbé e lulẹ̀ nínú ìdánwò náà. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kò sí olùkọ́ bíi tìrẹ, àmọ́ àwọn alábẹ̀wò iléèwé ń fẹ́ olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójú wọn, kí ọmọ wa lọ tún ìdánwò náà ṣe. Mi ò bá a jà. Mo kàn padà sílé ni.

Ọmọ rẹ tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó já máòsì gbà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kan, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, gbogbo ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo àjà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ó káre, ó sì fún un ní máàkì tó ga jù lọ.

Ọmọ rẹ ti di olùkọ́! Ó gbé ìwé ẹ̀rí wálé, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún bí ẹni pé ọjọ́ yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ.

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Má bá a wí, ìyàwó mi. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, àárò rẹ ń sọ wá, kò dín kù rárá. Bí inú bá ń bí ọ, èmi ni kó o wá bínú sí. Wá pariwo mọ́ mi lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò ní fèsì. Ohùn rẹ ṣáà ni n ó máa gbọ́.