Bàbá Ràímì Kò Pọ́n Tó Bẹ́ẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ràímì. Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo kí Ìyá Àgbà lórí ẹní wọn, mo kí Bàbá Kékeré tó ń bójú tó oko, mo kí tọmọdé tàgbà ilé yín ní Ìgbẹ́tì. Kí ẹni tó mọ̀wé jù láàrin yín ka lẹ́tà yìí sókè lójú gbogbo agbo ilé. Èmi tó ń kọ ọ́ ni Injiníà Àjàní, ọ̀gá gbogbo onífọ́tò ìlú Ẹdẹ, ọ̀gá ọmọ yín. Mo ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn nígbà tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba lónìí ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ẹ ó ti máa rò ó pé kí ló mú kí irú èèyàn bíi tèmi jókòó kọ̀wé sí irú yín. Fọ́tò ni. Nígbà tí Ràímì ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ di fọ́tò bàbá rẹ̀ olóògbé lé e lọ́wọ́, pélébé kan ṣoṣo tó kù nílé, pé ká bá yín sọ ọ́ di ńlá, kí Súlè àbíkẹ́yìn, tẹ́ ẹ bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, lè mọ ojú ẹni tó bí i. Látìgbà náà lẹ ti ń ránṣẹ́. Ẹ ní bí Ràímì bá sọ fọ́tò náà nù, kó má padà wálé mọ́. Kò sọ ọ́ nù. Àmọ́ ojú fọ́tò náà rí nǹkan.

Láti ìgbà tí náírà ti dọ̀bálẹ̀, kẹ́míkà tá a fi ń fọ fọ́tò dúdú-àti-funfun ti kọjá agbára èèyàn. Mo ta ọ̀kadà mi, mo ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tu tàdáwà sórí bébà bí ẹni ń tutọ́. Ará Èkó tó tà á fún mi ní kò ní wàhálà kankan. Oníranù ni ẹ̀rọ náà. Bẹ́ ẹ bá ní kó tẹ àwọ̀ eérú, kò ní lo tàdáwà dúdú nìkan bí ọmọlúàbí. Á bu pupa, á bu búlúù, á bu yẹ́lò, á pò wọ́n, á ní eérú nìyẹn. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju ìyókù lọ, eérú á di ewé. Ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ tún un ṣe. A máa tẹ àwọn àpótí kéékèèké sórí bébà, láti funfun dé dúdú, bí àtẹ̀gùn. A máa dúró kó gbẹ, torí irọ́ ni tàdáwà tútù ń pa. A máa wo ibi tí àwọ̀ ti yà bàrá, ká tó lọ bù kún un tàbí ká dín in kù nínú kọ̀ǹpútà, ká tún un tẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù wa ṣókùnkùn, iná kì í sí, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ohun táwọn èèyàn ń tò fún bí ìgbà tí wọ́n ń tò wo òkú ọba. Ìwọ̀nba tá a bá rí, ẹ̀rọ nìkan là ń fi gbé ṣiṣẹ́, kì í kan gílóòbù. Ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ tapólì aláwọ̀ ewé tí mo ta bí àtíbàbà, ibẹ̀ la ti ń wo ohun tá a bá tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ló mọ̀ pé bébà fọ́tò tí oòrùn bá rí ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú ọ̀rá dúdú ló ń wọ̀, ó di ilé oníbàárà.

Lábẹ́ tapólì, gbogbo àpótí ló ń ya àwọ̀ ewé. Mo ní kí Ràímì fi pupa kún un. Ó fi kún un. Ó ṣì ń ya ewé. Mo bi í bóyá ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ láhun, mo ní kó tún fi kún un. Nígbà tó yá, eérú di eérú. Télọ̀ òdìkejì títì wá wò ó, ó ní fọ́tò náà ń mí. A bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò sẹ́ni tó dá tirẹ̀ padà. Alájì kan tiẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ò mọ̀ pé ara òun dán tó báyìí. Bí wọ́n ṣe rí níbí nìyẹn. Ẹ ṣáà ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, wọ́n á dúpẹ́.

Ọjọ́ tá a tẹ bàbá Ràímì gan-an ni wolé-wolé dé pẹ̀lú sójà. Wọ́n ní gómìnà ológun ń kọjá, wọn ò fẹ́ rí tapólì kankan lójú títì, àfi bí ẹni pé tapólì ló mú kí epo wọ́n. Mo ṣàlàyé fún sójà kan pé injiníà ni mí. Ó ní kí injiníà kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fa tapólì ya. Ràímì dúró tì mí pẹ̀lú fọ́tò náà lọ́wọ́, oòrùn bà lé e, bàbá rẹ̀ sì pọ́n lójú gbogbo wa. Ó pọ́n bí ẹni tó fi osùn wẹ̀. Irùngbọ̀n pọ́n. Fìlà funfun rẹ̀ rí bí ohun tí wọ́n rì bọ epo. Télọ̀ ọjọ́sí ní òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé ó pọ́n, òun kàn dákẹ́ ni. Sójà wo fọ́tò, ó wò mí, ó ní kí n dìde, pé ìyà tó ń jẹ mí ti tó.

Tapólì ló ń ya àwọ̀ ewé, kì í ṣe ẹ̀rọ. Tapólì la ti ń fi pupa bá jà látọjọ́ yìí. Bébà ẹ̀rọ yìí ò sì bẹ̀rù oòrùn rárá. A gbé àga síta gbangba, a tún un bẹ̀rẹ̀. Gbogbo pupa tá a kó sí i la kó kúrò, àfi bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Búlúù díẹ̀ péré ló yẹ ká dín látilẹ̀. A ní kí Alájì dá tirẹ̀ padà ká fún un ní gidi. Ó kọ̀, ó ní ká má fi ìlara ba òun lójú jẹ́.

Ní ti ọmọ yín, aláìgbọràn ni. Ó máa ń fi ohùn mi dá ìyàwó mi lóhùn látẹ̀yìn ilé, títí ó fi gba ẹran mi jẹ. Orí tábìlì ló ń sùn, ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dá, ó máa ń bá fọ́tò bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò bi í pé kí ló ń sọ, kò kàn mí. Ẹ má wá owó nínú àpò lẹ́tà yìí, owó ò sí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí oko yín má pòfo, kí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà má ro wọ́n mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan àwọn tí mò ń jẹ ní gbèsè ìlù tí mo lù ya kí n tó kúrò nílé. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya lẹ́tà yìí. Injiníà kọ́ ló kọ ọ́. Injiníà wà níta, òun àti Alájì ń ṣàròyé. Bẹ́ ẹ bá rí orúkọ mi lórí àpò, ẹ ó ní ẹ̀tàn Ràímì ti tún dé, ẹ ò ní ṣí i. Fọ́tò kékeré yín wà nínú rẹ̀, ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sọ fún Súlè pé ta ni. Ẹ kàn gbé e fún un, kẹ́ ẹ bi í pé ta ló jọ. Bó bá ní Ràímì ni, ẹ má bá a jiyàn. Ọjọ́ tó jáde bó ṣe yẹ, èmi náà rò pé èmi ni wọ́n tẹ̀.

Èmi ni Ràímì, ọmọ yín.