Orúkọ Màmá Ìkirè Nínú Ìwé Àdúrà

Mọ́mì mi,

Ìyá yín, Màmá Ìkirè, ti kú láti oṣù kẹwàá. Ẹ̀yin mọ̀, Dádì mọ̀, Bọ̀dá Babátúndé mọ̀. Jọkẹ́ tá a jọ ń gbé ní Etobicoke ní Kánádà níbí náà mọ̀! Èmi nìkan lẹ ní kí wọ́n má sọ fún, torí ìdánwò.

Nílé ìwé onígbàgbọ́ tí mo ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ ìṣòwò yìí, gbogbo Ọjọ́rú là ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ fún àdúrà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ orúkọ Màmá, pé kí Ọlọ́run wo orúnkún wọn sàn. Ẹni tẹ́ ẹ ti sin! Jọkẹ́ á jókòó tì mí, á máa ṣe àmín tó le ju tèmi lọ. Nígbà tó jẹ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì ẹ ni wọ́n bẹ̀ mí, jọ̀ọ́."

Mi ò bínú. Mo yege dáadáa, mo sì ń jẹun.

Ṣùgbọ́n Sátidé la máa gba ìwé ẹ̀rí, àwọn ará ilé á sì súre fún oníkálùkù. Ohùn àwọn tó bá jìnnà la máa gbọ́ látinú fóònù. Jọkẹ́ ní Màmá súre fún mi sínú fóònù yín kí wọ́n tó lọ. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti ń bèèrè, "ó dọ̀la" lẹ ń wí. Ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, ẹ má gé ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́ kúrò.

Ẹ bá mi kí Dádì. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀la mọ́. Ó pẹ́ tán, aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, aago tiyín.

Olúwatúnmiṣe