Màámi, Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà La Ikùn Bọ́lá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Bàbá, mo kí yín níbi tí ẹ jókòó sí, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Bọ́lá, àbúrò mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ọ̀tún wú. Ẹja ló fi mí lu ògiri. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nítorí pé bí mo bá ti dárúkọ ọ̀bẹ lórí fóònù, ẹ ó ní ẹ ò gbọ́ mi mọ́, káàdì mi á sì jóná lásán.

Ẹ ti béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí. Ẹja la ń sìn, ní ìsàlẹ̀ agbègbè Prince George's nílẹ̀ òyìnbó níbí, nínú àwọn táǹkì ńlá róbótó. Kì í ṣe ẹja jíjẹ. Stọ́jọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ó gùn ju Bàbá lọ, egungun ṣágiṣàgi sì tò sẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ọ̀nì. Ó kún inú odò ibí nígbà kan, kí àwọn èèyàn tó pa á tán nítorí ẹyin inú rẹ̀. Bí apẹja bá rí ọ̀kan mú láàyè nísinsìnyí, wọ́n á gbé e wá fún wa, a ó máa tọ́jú rẹ̀ títí tí yóò fi lẹ́yin, kí á lè dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà sódò. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí abo tó lẹ́yin. Ìgbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún yìí, tí òjò tútù ń rọ̀ ṣáá, ni ọ̀kan ṣoṣo gbé ẹyin.

Kò sì lè yé e. Ikùn rẹ̀ le bí igi. Dókítà ẹja, òyìnbó obìnrin kan tí kì í pariwo, sọ pé bí ẹyin bá jẹrà sí i nínú, á kú, àfi kí á là á, kí á kó ẹyin, kí á rán an padà. Inú bí mi. Mo ní ṣé ẹyọ kan tí a ní yìí náà la ó tún dúńbú? Ó ní bí mo bá mọ ọ̀nà mìíràn, kí n sọ. Mo lọ gbé bàsíà wá.

A fi oògùn oorun sómi, ó sùn. Ọ̀bẹ wọlé, ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹyin dúdú tú sínú bàsíà. A ti ń yọ̀ nígbà tí oògùn dá lára rẹ̀. Ẹja jí pẹ̀lú ikùn lílà! Màámi, ìrù rẹ̀ gba Earl, ọkùnrin ará ìlú Seat Pleasant tí a jọ ń ṣiṣẹ́, léjìká, mo gbọ́ tí egungun rẹ̀ kán. Ó tún yí, ó gbé mi lu ògiri, ètè mi bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹja, ẹ̀jẹ̀ èèyàn, a ò mọ èwo ni èwo mọ́. Ìfun rẹ̀ ti ń yọjú. Mo dìde, mo fò lé e lórí, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ya mí láyà, mo sì ń fi Yorùbá bú dókítà pé kó rán an, kó rán an, orí ẹ̀ burú. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rán an dé òpin.

Nígbà tí a dá a padà sómi, ó rì bí òkúta. Mo jókòó létí táǹkì, mò ń sunkún, èmi tí ẹ ń pè ní oníjà. Bọ́lá ni mò ń rí. Ojú yín àti ojú mi ló ṣe, nílé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n gbá a nítan, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ìyá àdúrà méjì gun ikùn rẹ̀ bí ẹni ń tẹ àpò gàrí, ọmọ sì kú sínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wá kí wa pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Dókítà Ìbàdàn ti wá sọ fún yín báyìí pé ìbàdí rẹ̀ ò gba ọmọ, pé bó bá tún rọbí, ilé ọmọ rẹ̀ lè fàya. Agbè ló máa fọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Màámi. Ẹ sì tún ní ọmọ yín ò ní fi ọ̀bẹ bí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden níbí, àdúrà kan náà ni wọ́n ń gbà fún aláboyún. Nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì mí ló ṣe àmín tó dún jù. Lẹ́yìn ìsìn ló sọ fún mi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbé gbogbo ọmọ òun. Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe àmín sí. Ó ní kí àwọn èèyàn má baà máa wo òun. Inú bí mi débi pé mi ò dúró jẹun. Mo padà sí yàrá mi ní Hillcrest Heights, mo jẹ búrẹ́dì lásán. Ohun tó dùn mí jù nílẹ̀ yìí nìyẹn, kéèyàn máa bínú láìsí ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́.

Ẹja náà yè. Ó ti ń jẹun. Díẹ̀ nínú ẹyin rẹ̀ ti di ọmọ, wọ́n kéré bí abẹ́rẹ́. Ẹ ó ní mo fi ọmọ yín wé ẹja. Mo fi wé e o. Mi ò sọ pé ọ̀bẹ kì í pani, mo ti rí ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Délé, ọkọ Bọ́lá, ti ilé ìwòsàn ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ra àbẹ́là.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí àwọn ìyá àdúrà náà, ẹ ní mi ò bá wọn jà. Ọlọ́run á dá yín sí, Bàbá á jẹun ọmọ pẹ́. Bọ́lá, gbọ́ àdúrà tèmi: ọ̀bẹ á mú. Ọwọ́ dókítà ò ní gbọ̀n. Iná ò ní lọ nílé ìwòsàn. Ọmọ á ké, wàá gbọ́ ọ. Wọ́n á rán ọ, wàá dìde.

Màámi, ẹ ṣe àmín.

Èmi ọmọ yín,
Fúnkẹ́