Mo Fi Ewé Obì Di Bátìrì Kọ̀ǹpútà

Ibido, Ṣàgámù,
Ọjọ́ Ẹtì.

Sùmáyà ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Èkó sú ọ, kó má sì jẹ́ kí ìwọ náà sú Èkó. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe àṣejù. Ewúrẹ́ rẹ ti bí akọ méjì, wọ́n sì ti jẹ fìlà mi kan.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tó o kàn mọ́ ògiri yàrá obì ni mo fẹ́ sọ, èyí tó ń wo ooru tó sì ń tan fáànù kí obì má bàa bàjẹ́. O ní báyọ́ọ̀sì rẹ̀ ti gbó, pé òun ni ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ kà tó bá jí, o wá fi tuntun ránṣẹ́ nínú fíláàṣì. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. O ní kí ẹnikẹ́ni má pa iná títí yóò fi kà á tán, mo bá gbé àga sídìí súìṣì, mo sì ní kí Fadékẹ́ aládùúgbò wa dá gàrí rírin dúró, torí ẹni tó ń kàwé ò fẹ́ ariwo. Fadékẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi, mo gbà á.

Ẹ̀rọ kàwé tán, fáànù ò yí! Obì agbọ̀n mẹ́rin wà ńlẹ̀, àwọn oníbàárà wa láti Kánò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, yàrá sì gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Mo pè ọ́, o ní kí n yọ bátìrì rẹ̀ tó dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó lè gbàgbé gbogbo nǹkan, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ṣe bísímílà, mo yọ ọ́, mo fi ewé tútù dì í bí a ṣe ń di obì, kó má bàa gbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kéré lójú mi, ta ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbàgbé gbogbo nǹkan? Mo fún un ní wákàtí mẹ́ta. Mo wá nu bátìrì gbẹ, mo dá a padà. Fáànù yí, obì yè.

Ṣùgbọ́n ó gbàgbé ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó kọ sójú ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 la wà. Sùmáyà, lọ́jọ́ yẹn ìyá rẹ ṣì ń ṣa obì nínú yàrá yẹn gan-an, ó ń bá mi jà pé mò ń fi ewé ṣòfò. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà títí di ìrọ̀lẹ́. Inú yàrá yẹn nìkan ni fóònù mi ti ń gbọ́rọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún pè ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́. Mo ti kìlọ̀ fún Fadékẹ́ pé kò gbọdọ̀ dárúkọ ọdún níbẹ̀.

Má ti Èkó tún un ṣe o. Owó tó o máa fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ra bátìrì tuntun, kó o fi ìyókù wọkọ̀ wálé. Ìwọ ni kó o wá sọ ọdún tá a wà fún un. Mo ti túfọ̀ ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan, agbára mi ò gbé ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ délé, wàá jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ́ṣúdù.