Sí Àmúdà, Lórí Ọ̀rọ̀ Ìyá Mùrí

                                        Ilé Bọ́lárìnwá,
                                        Ìsàlẹ̀ Ọba,
                                        Ìwó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, 1912.

Àmúdà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Egbò orúnkún rẹ ń kọ́, ṣé ó ti ń jinná? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbà ọ́ sílé ní Èkó ń kọ́, àti àwọn ọmọ? Tiwa náà ò burú; iṣu ti ń wọlé, ara Jemimah ìyàwó mi sì ti le. O kú ewu omi o. A kú àṣẹ̀yìndè Mùrí ọ̀rẹ́ wa. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. O ní kí n kà á fún ìyá Mùrí, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Háà, Àmúdà, iṣẹ́ burúkú lo rán mi! Mo ka bí ẹ ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta kó àpò ẹkùrọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tọ̀sán-tòru, tí ọ̀gá ọkọ̀ rí i pé ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ tó ní kí ọkọ̀ gbéra, kí ìwọ sì lọ máa ṣọ́ iwájú. Ibi tó kàn ni ibi tí oorun ti gbé ọ lọ, tí ọkọ̀ kọlu àpáta, tí omi ya wọ ìsàlẹ̀ níbi tí Mùrí wà. Mo ṣí ìwé náà sójú kejì. Mo fẹ́ fò ó. Àbí kí ni kí n sọ fún abiyamọ? Ìyá wò mí títí, wọ́n ní kí n kà á bó ṣe wà, àwọn kì í ṣe ọmọdé.

Mo kà á. Wọ́n sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí wọ́n nujú tán, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé Mùrí náà ò fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú wá bí wọn. Wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn Gàmbàrí gan-an, tó bá dé Olúpọ̀nnà lójú ọ̀nà, wọ́n á sọ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ kó sinmi. Irú èèyàn wo ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe bẹ́ẹ̀? Wọn ò dá ọ lẹ́bi rárá.

Ìwọ wá ní o ò ní í fẹsẹ̀ tẹ Ìwó mọ́, pé ojú wo lo máa fi wò wọ́n. O tún ní láti ọjọ́ náà, bí o bá ti dijú, o máa fò dìde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọlọ́gbọ́n mi. Ṣé irin ni ojú rẹ tí oorun ọjọ́ mẹ́ta ò ní í borí rẹ̀? Mo fẹ́ràn Mùrí bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì bínú sí ọ.

Jemimah ní kí n kí ọ. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láàárọ̀ yìí mo yà kí ìyá Mùrí. Wọ́n ti gbá yàrá Mùrí, wọ́n sì tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀. Mo rò pé àlejò ń bọ̀ ni. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o wọ rélùwéè máa bọ̀, kí o wá sùn. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni àwọn máa jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò ní jí ọ.

Èmi ni tìrẹ tó ń retí rẹ,
Olúdáre.